Ìpínrọ̀ Keje Ìwé Omi

Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni kíláàsì mi máa ń fi ìwé ìjọba ṣe eré orí ìtàgé kí àwọn àgbà ìlú tó tẹ̀ka sí i. Òfin ni. Ìwé tí ọmọ ọdún mẹ́wàá ò bá lè fi ṣe eré, àgbà kankan ò gbọdọ̀ tẹ̀ka sí i.

Lọ́jọ́ tó kan ìwé omi, mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ìlú wa sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nínú àwọn ọmọ, Ìbídùn ni ìlú, Jọláadé ni òkun. Baálẹ̀ àtàwọn ìjòyè dúró lójú fèrèsé, wọ́n ti ki àtàǹpàkò bọ inki. Ògiri kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé, bó ṣe máa ń ṣe.

Ìpínrọ̀ mẹ́fà lọ geerege. Ìbídùn gba ilé, ó gba iná, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ló bá kan ìkeje: "Ìlú yóò máa fàyè sílẹ̀ fún omi, níwọ̀n bí omi bá ṣe ń fẹ́."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ka gbólóhùn yẹn nílé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ gọ́tà ni.

Jọláadé gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, Ìbídùn sún sẹ́yìn. Jọláadé tún gbé òmíràn. Mo fẹ́ ní kí wọ́n dúró. Ṣùgbọ́n tíṣà tó bá dá eré dúró, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn Ìbídùn kan ilẹ̀kùn. Ó ṣí i, ó sì jáde.

Ògiri ní, "Ìwé ti yé àwọn ọmọ. Ẹ̀yin àgbà, ẹ tẹ̀ka."

Ìbídùn pè mí láti ìta: "Tíṣà, ibo ni kí n wá dúró sí?"

Baálẹ̀ wo ilẹ̀ tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yà: òkun nìkan ló dúró síbẹ̀. Ó wo àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì nu inki náà mọ́ agbádá funfun ọrùn rẹ̀.