Ṣòkòtò Kì Í Purọ́

Lọ́dún 1983, dókítà kan sọ fún Samuel pé bí kò bá dín ara kù, ẹ̀jẹ̀ ríru tó pa bàbá rẹ̀ ni yóò pa á bákan náà. Samuel kò jiyàn. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni, ìjókòó niṣẹ́ rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì ti ń kan síárìn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti gbìyànjú àtidín ara kù rí, tó tún pa á tì.

Ó yà sí ṣọ́ọ̀bù Fàsásì ní Bẹẹrẹ. Télọ̀ ni Fàsásì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré. Òun ló rán ṣòkòtò kakí méjèèjì tí Samuel fi ń ṣiṣẹ́, òun náà ló sì ń bá a lọ̀ wọ́n ní Sátidé, torí iná kì í dúró ní Bẹyẹrúnká tí Samuel ń gbé, áyọ́ọ̀nù eléèédú sì ni ti Fàsásì.

"Ìdajì ẹ̀bà ni màá máa jẹ báyìí," ni Samuel wí. "Màá sì máa fẹsẹ̀ gun òkè Mápó láràárọ̀ kí n tó lọ sí gáréèjì."

Fàsásì kò gbójú sókè lórí máṣíìnì. "O ò lè ṣe é ju oṣù kan lọ."

"Wàá rí i."

"Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì."

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nira. Orúnkún ń ro Samuel, ebi ń pa á, ikùn ò sì yẹ̀ níbi tó wà. Ó sọ fún Fàsásì pé ó jọ pé òun máa fi í sílẹ̀. Fàsásì rẹ́rìn-ín. Ní Mọ́ńdè, Samuel wọ ṣòkòtò, ó rí i pé ó ń yọ̀ nídìí òun, àfi kí òun fi bẹ́líìtì dè é. Ó pe Louisa ìyàwó rẹ̀ kó wá wò ó. Louisa wò ó lọ, ó wò ó bọ̀, ó ní ikùn tí òun mọ̀ náà ni.

Nígbà tó padà sílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gbé e gorí ìwọ̀n, ó ní kò tíì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

"Ìwọ̀n yín ti bàjẹ́, sístà," ni Samuel wí. "Ṣòkòtò kì í purọ́."

Ó ń gun òkè rẹ̀ lọ.

Kérésìmesì dé. Ó jẹ nílé, ó jẹ nílé àna. Bí ọdún ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni ibà dá a dùbúlẹ̀. Nígbà tó fi dìde, ó ti pẹ́ tó rí òkè Mápó kẹ́yìn, ikùn sì ti padà sídìí síárìn. Ó gbé ṣòkòtò lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó.

"Ó ti tán," ó ní. "Bí bàbá mi ṣe lọ lèmi náà máa lọ."

"Mo kúkú sọ fún ẹ," ni Fàsásì wí. "Gbé ṣòkòtò síbẹ̀, kí n lọ̀ ọ́."

Nígbà tí Samuel tún máa wọ̀ ọ́, ó ṣì ń yọ̀ nídìí rẹ̀. Ó sọ fún Louisa pé wàhálà òun ò tíì ṣòfò. Lọ́jọ́ kejì, ó ti wà lórí òkè.

Láti ìgbà náà, bó bá jẹ àjẹjù lónìí, kì í bá ara rẹ̀ jà, yóò kàn gun òkè lọ́la. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan gorí òmíràn. Ìwọ̀n nọ́ọ̀sì wá gbà fún un, Louisa náà gbà. Dókítà béèrè ohun tó ràn án lọ́wọ́.

"Fàsásì ni," ni Samuel wí. "Ó ní mi ò lè ṣe é."

Ọjọ́ náà ló kó ṣòkòtò méjèèjì lọ sí Bẹẹrẹ, ó ní kí Fàsásì bá òun rán ìbàdí wọn wọlé, torí wọ́n ti fẹ̀ jù.

"Ṣé o ti wá gbà báyìí?"

"Mo gbà," ni Fàsásì wí. "Wá mú wọn lọ́la."

Nígbà tí Samuel lọ tán, Fàsásì yí ṣòkòtò náà sódì, ó wo ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti tú ní bòókẹ́lẹ́ kí ìbàdí wọn lè fẹ̀, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí orúnkún ń ro ọ̀rẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ibà, ó wá rán wọn wọlé kọjá ibi tí wọ́n wà kó tó tú wọn.