Ẹ̀fọ́ Òòjọ́ láti Kuta

Ẹ̀wà tí agbaṣẹ́ṣe ń kó wá sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Tinúọlá ti ń dáná ní Ìwó, kòkòrò inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ẹ̀wà lọ. Bó ti wù kó ṣà á tó, àwọn ọmọ á tọ́ ọ wò, wọ́n á sì lọ dà á sẹ́yìn ògiri. Àwọn adìẹ àdúgbò ló ń sanra.

Alhájà Raheemah, ọ̀gá ilé-ìwé náà, pè é lọ́jọ́ kan. Ó ní bí oúnjẹ kò bá yí padà kí sáà tó parí, òun yóò wá alásè mìíràn. Tinúọlá kò jiyàn. Opó ni, iṣẹ́ yìí ló sì fi ń tọ́ Tèmídayọ̀, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó gun ọ̀kadà, ó di Kuta.

Oko Àlàní ni wọ́n júwe fún un níbẹ̀, wọ́n sì sọ orúkọ àkọ́bí rẹ̀ fún un kó lè rí nǹkan pè é. Àlàní ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti ṣí lọ sí Ìbàdàn. Ebè ló ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Tinúọlá kúnlẹ̀ kí i, tó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó máa ta iṣu àti ẹ̀fọ́ fún ilé-ìwé tààrà láti oko.

"Ọjà ni iṣu mi ń lọ," Àlàní wí. "Èmi àti ilé-ìwé ò jọ ní nǹkan ṣe."

"Ọmọ kéékèèké ni wọ́n, Bàbá Mujeebah. Ẹ kàn wá wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan."

Ó wá wò wọ́n. Ilé ìdáná kò jìnnà sí kíláàsì kìíní, bí ẹnìkan bá sín níbí, wọ́n á gbọ́ ọ lọ́hùn-ún. Àlàní sọ iṣu díẹ̀ tó gbé dání kalẹ̀, ó dúró, ó ń wò.

"Màá máa kó o wá," ó wí. "Èmi fúnra mi."

Bí oúnjẹ ṣe yí padà nìyẹn. Àlàní bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ilé-Ogbó, ẹ̀wà tuntun láti Olúpọ̀nnà. Àwọn ọmọ ń fi ìka lá abọ́. Àwọn adìẹ àdúgbò rù.

Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni Àlàní ń wá. Alhájà bi í pé ṣé kò lè kó gbogbo rẹ̀ wá lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni.

"Ẹ̀fọ́ a máa rọ, Alhájà."

"Iṣu ńkọ́?"

Àlàní rò ó. "Iṣu náà a máa rọ."

Bó bá ti já ẹrù tán, á jókòó sórí ìtì igi lábẹ́ fèrèsé kíláàsì kìíní, á dojú kọ ilé ìdáná. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọmọ á máa ké A, B, D tẹ̀lé olùkọ́ wọn. Ètè Àlàní á máa mì, bíi ti ẹni tó ní ọ̀rọ̀ láti sọ tí kò mọ ibi tí yóò ti mú un. Bí Tinúọlá bá gbójú sókè, á dorí kodò, á máa fi igi ha ilẹ̀. Bó bá lọ, Tinúọlá á gbá ibẹ̀ mọ́.

"Ọkùnrin tó bá ń fi igi ha ilẹ̀ níwájú obìnrin, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú ẹ̀," ni Bọ́sẹ̀ wí, ẹni tí wọ́n jọ ń dáná.

"Ọ̀rọ̀ wo?"

"Ìyá Tèmídayọ̀, ẹ má jẹ́ kí n là á."

Tinúọlá ní òun kò gbọ́ nǹkan kan. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lé tìróò wá síbi iṣẹ́. Láti ìgbà tí bàbá Tèmídayọ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó jókòó kọjú sí i pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, Àlàní dìde lórí ìtì igi, ó wá sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ṣí fìlà.

"Ìyá Tèmídayọ̀, ẹni tó ti dàgbà tó èmi yìí, tó bá lóun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan báyìí, ṣé kò ti pẹ́ jù?"

Ọwọ́ Tinúọlá dúró lórí omorogùn. "Kò pẹ́ jù."

"Àwọn èèyàn á fi mí rẹ́rìn-ín."

"Wọ́n á rín in títí, á sú wọn."

"Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi. Mi ò kàn mọ ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún ni."

"Ẹ lọ bá Alhájà," ni Tinúọlá wí. "Àwọn làgbà wa níbí. Ibi tí wọ́n bá fi sí la máa bá a."

"Kí ni kí n mú dání?"

"Ẹ mú ara yín lọ. Ó tó."

Kò pẹ́ tí Alhájà fi wá sí ilé ìdáná, ẹ̀rín ń bẹ lójú rẹ̀.

"Bàbá Mujeebah wá bá mi. Wọ́n ní ìwọ lo kì wọ́n láyà. Mo ti gbà. Ó di Mọ́ńdè."

Tinúọlá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó tún dúpẹ́.

Alhájà wò ó. "Ìwọ lo ń dúpẹ́ tó báyìí? Ọlọ́run á san án fún ọ."

Tinúọlá dirun lọ́jọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ìró tí kò tíì wọ̀ rí, ó se àsáró tó kún fún ẹja, Bọ́sẹ̀ sì gbálẹ̀ ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mejì. Tinúọlá dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú ọ̀nà Kuta.

Nígbà tí aago lù, tí àwọn ọmọ tò sí gbangba, Àlàní ló wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí àwọn ọmọ kíláàsì kìíní tò sí, nínú ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò péńpé aláwọ̀ búlúù bíi tiwọn, síléètì tuntun ń bẹ lábíyá rẹ̀, ó sì ń fi gbogbo ohùn kọ orin òwúrọ̀.