Ilẹ̀kùn Tó Ń Gbóòórùn Ẹ̀jẹ̀

Ebi pa Oyèlẹ́yẹ lọ́sàn-án ọjọ́ náà débi pé wọ́n ń gbọ́ igbe ìfun rẹ̀ ní Ṣakí, ṣùgbọ́n kò sí ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà tó gba òun àti ìyàwó rẹ̀ pọ̀. Ilẹ̀kùn á kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ èèyàn kó tó ṣí. Èyí tó gba ọkọ á ní ṣúgà ìyàwó ti pọ̀ jù; èyí tó gba ìyàwó á ní ọ̀rá ara ọkọ tó ó dín àkàrà fún gbogbo Ìbàdàn.

“Àṣàbí, àyájọ́ ìgbéyàwó wa mà ni! Ṣé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la ó wá jẹun ni?”

“Baálé mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n kú sójú títì ni? Ẹ wọ ibí, kí n wọ ti òdìkejì. A ó máa wo ara wa lójú fèrèsé.”

Wọ́n gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, tí kò lépo, síwájú Oyèlẹ́yẹ. Omi òjò dùn jù ú lọ. Síbẹ̀, ó yọ ẹran ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo fún Àṣàbí, bó ti máa ń ṣe nílé. Tábìlì rò pé Oyèlẹ́yẹ ti yó, ó gbé ẹran náà mì.

Oyèlẹ́yẹ gbójú sókè, ó wo Àṣàbí lódìkejì títì. Òfin ilé oúnjẹ ò gbà kí àga ṣófo, wọ́n ti fi ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti Àṣàbí mu jókòó tì í. Ọkùnrin náà fún un lẹ́ran. Àṣàbí gbà á, ó bú sẹ́rìn-ín.

Oyèlẹ́yẹ lu fèrèsé débi tí òkú ọ̀run ìbá fi jí. Àṣàbí ò gbọ́.

Àga òfìfo iwájú rẹ̀ ló sọ̀rọ̀: “Ẹ má bínú, sà. A ò tíì rí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tiyín mu.”