Àyẹ̀wò Èémí Ìbídùnní

Láràárọ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀, tí Ìbídùnní ń sùn lé, máa ń fi ìró tí etí ò lè gbọ́ wo bí iṣan tó fi ń mí ṣe nípọn tó, nítorí àìsàn tó ń ba iṣan ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ẹni tí iṣan èémí rẹ̀ bá fẹ́lẹ́ jù, òfin ní kò gbọdọ̀ dá gbé mọ́.

"Ẹ mí kanlẹ̀, mà," ni bẹ́ẹ̀dì wí. Ó mí.

"Iṣan èémí yín ti fẹ́lẹ́ jù, mà. Wọ́n á wá gbé yín lọ sílé ìtọ́jú láago mẹ́wàá."

Ìbídùnní pe Adéòtí, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ti bára wọn jà láti ọdún mẹ́ta. "Jọ̀ọ́, wá máa bá mi gbé."

Adéòtí ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò bẹ̀ mí rí."

"Mo bẹ̀ ọ́ lónìí."

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú kanlẹ̀kùn, Adéòtí ló ṣí i, báàgì aṣọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àwa méjèèjì la jọ ń gbé," ló wí.