Ìborùn Olójú Àwọ̀n

Yàrá kan ṣoṣo ni Lazarus káfíńtà gbà ní ilé Baba Mákánjúọlá ní Bariga, òun fúnra rẹ̀ ló sì kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Pákó ìrókò ni. Láràárọ̀, kí ó tó mú ọ̀nà Fádèyí níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, yóò fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn náà láti ìta, yóò fà á wò, yóò sì dúró díẹ̀. Sabina náà yóò fi èjìká tì í wò láti inú. Bí kò bá ti mì, Lazarus yóò gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, yóò máa lọ.

Serifat, tí yàrá tirẹ̀ kọjú sí tiwọn, a máa gbọ́ bí Sabina ṣe ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn yẹn, àánú a sì ṣe é. Gbogbo ilé ló ń pe Sabina ní Ìyàwó. Ó ń dáhùn.

Aṣọ híhun ni Sabina fi ń lo ọjọ́. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló fi ń hun ún, bí àwọn ìyá ìjọ ṣe kọ́ ọ létí òkun lọ́hùn-ún, nílẹ̀ Ìlàjẹ. Ìka méjì ti wọ́ lọ́wọ́ òsì rẹ̀, wọn kò ṣe é ká mọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ bí yóò ṣe fi àwọn yòókù gbá òwú mú.

“Kí ló ṣe ìka ẹ?” Serifat bi í lójú fèrèsé lọ́jọ́ kan.

“Wọ́n kán ni, Ìyá Àlímì.”

“Ta ló kán an?”

Sabina wo ilẹ̀kùn, ó sì tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Aṣọ òkìríkà ni Serifat ń tà. Súwẹ́tà tó bá ti lu jù, tí ẹnikẹ́ni kò ní í rà, yóò kì í bọ àárín irin fèrèsé fún Sabina. Sabina yóò tú u, yóò ká òwú rẹ̀ jọ, yóò fi hun nǹkan tuntun. Lásìkò yìí, ìbọ̀sẹ̀ pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún Àlímì, ọmọ Serifat. Aṣọ fífẹ̀ kan tún wà tó máa ń hun dé ìdajì, tí yóò sì tú palẹ̀. Ọnà ara rẹ̀ kò ju ìlà gbọọrọ gbọọrọ lọ, bí irin fèrèsé.

“Níbo lo ti ń rí ọnà wọ̀nyí?”

“Ohun tí mo bá rí níbí náà ni, ma. Irun tí ẹ dì lánàá, òun rèé.” Ó na etí ìbọ̀sẹ̀ náà sí i. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ Serifat ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Pàánù ilé òdìkejì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ìborùn tó hun fún Serifat nìkan ni kò jẹ́ ohun tó rí láti fèrèsé. Ojú àwọ̀n ẹja ni, bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń hun ún, pẹ̀lú kókó kékeré kan ní gbogbo oríta òwú.

“Ẹ máa fi borùn nínú ilé, Ìyá Àlímì. Ẹ má sì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni.”

“Ṣé torí ọkọ ẹ ni?”

“Torí rẹ̀ ni.”

Lọ́jọ́ náà, Serifat dúró de Lazarus lẹ́nu ọ̀nà. “Lazarus, ṣé ewúrẹ́ lo so mọ́lẹ̀ síbẹ̀ ni? Ọmọ ènìyàn ni o!”

“Ẹ bá mi fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Ìyá Àlímì,” ni Lazarus wí. Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ara dí ẹnu ilẹ̀kùn bó ti máa ń ṣe, ó sì sùn. Kódà lójú oorun, Serifat wí fún ara rẹ̀, ó ń ṣọ́ ọ.

Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún náà. Serifat da ìborùn bo èjìká, ó lọ ra ẹja létí ọ̀sà. Bó ṣe ń ná ẹja, ọkùnrin kan tó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi sún mọ́ ọn, ó sì di etí ìborùn náà mú.

“Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ta ló hun èyí fún yín? Ikúmápàyí lorúkọ mi. Ará ilé ẹni tó hun ún ni mí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń wá a kiri.”

Omi bọ́ lójú Serifat. “Sabina? Ẹ̀yin lẹ̀ ń wá Sabina? Ọkọ ẹ̀ ló tì í mọ́lé!”

Ọkùnrin náà fi etí ìborùn náà sílẹ̀. “Ọkọ ẹ̀?”

“Lazarus, káfíńtà.”

“Mo mọ̀ ọ́n,” ni Ikúmápàyí wí. “Ṣé ó wà nílé báyìí?”

“Ó wà ní Fádèyí.”

“Ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

Ó mú ọ̀pá irin kan nínú ọkọ̀, ó sì tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n délé, tí ó ki irin náà bọ àgádágodo, ohùn Sabina dún láti inú.

“Ta ni yẹn?”

“Èmi ni!” ni Serifat wí. “Fọkàn balẹ̀, ìwọ ọmọ yìí, a ti dé!”

“Ẹ má ṣí i! Ìyá Àlímì, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má ṣí i!”

Serifat mi orí. “Ẹ̀ ń gbọ́ nǹkan? Ẹ̀rù ọkọ ẹ̀ ló ń bà á tó báyẹn.”

“Mo gbọ́,” ni Ikúmápàyí wí, ó sì fi gbogbo ara tẹ irin náà. Àgádágodo já bọ́.

Sabina ti fẹ̀yìn ti ògiri lábẹ́ fèrèsé, ó na irin ìhunṣọ méjèèjì síwájú. Ikúmápàyí wọlé, ó sì dúró sáàárín ẹnu ọ̀nà. Serifat gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ń rẹ́rìn-ín, ó la apá méjèèjì.

“Ará ilé ẹ ló wá mú ọ lọ yìí! Kí Lazarus tó dé, o ti bọ́ lọ́wọ́ ọkọ burúkú.”

Sabina kò gbé ojú kúrò lára ọkùnrin náà. “Ìyá Àlímì,” ni ó wí, “ọmọ ìyá mi ni Lazarus, ọkọ mi lẹ mú wá yìí.”