Kíkàn Ẹ̀ẹ̀mẹta

Ọjọ́ tí kọ̀ǹpútà tuntun dé fún omi tó ń tú sókè nínú adágún ọgbà ìgbafẹ́, tó ń jó tẹ̀lé orin, ni ìròyìn ikú bàbá Ìbíyẹmí dé. Kò sunkún. Ó sìnkú tán, ó padà síbi iṣẹ́, ó tú àwọn páìpù irin tí bàbá rẹ̀ fi ọgbọ̀n ọdún fọwọ́ ṣí, ó sì fi ti rọ́bà rọ́pò wọn.

Kí bàbá náà tó ṣí omi, a máa fi sípánà kan páìpù lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹni tó bá wà nínú adágún lè jáde. Agbára omi náà lè pa ènìyàn.

Lálẹ́ ìdánwò kọ̀ǹpútà náà, Ìbíyẹmí na ìka sí bọ́tìnnì. Irin dún lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ ilẹ̀.

Bàbá Oyèwọlé, tó ń tọ́jú ọgbà, fò jáde nínú adágún, ewé gbígbẹ kún ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹnjiníà, o ṣé o! Mo ti rò pé kọ̀ǹpútà rẹ yìí ni yóò wẹ òkú mi."

Ìbíyẹmí kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Òun kọ́ ló kan irin náà. Yàrá abẹ́ ilẹ̀ tí àwọn páìpù wà nínú rẹ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ Ìbíyẹmí, rọ́bà kò sì lè dún bí irin.

"Ẹ jókòó, Bàbá."

Ó mú sípánà bàbá rẹ̀ jáde nínú àpò, ó fi kan ilẹ̀kùn irin yàrá náà lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró díẹ̀, kó tó tẹ bọ́tìnnì.