Ẹni Tó Wà Nínú Ọkọ̀ Bàbá Dúródọlá

Gbogbo ẹbí ní kí Dúródọlá má fọwọ́ kan ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ní òun yóò tún un ṣe dandan.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú, òun àti Sàlámì mẹkáníìkì ń fi ẹ̀wọ̀n gbé ara ọkọ̀ náà kúrò lórí egungun irin tó gbé e ró nísàlẹ̀. Wọ́n ti yọ àga inú rẹ̀, síbẹ̀ ó wúwo jù. Lójijì, ẹnìkan wúkọ́ nínú rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká sá!" Sàlámì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Dúródọlá di ẹ̀wọ̀n mú. "Ìwọ tó wà níbẹ̀, èmi ni mo jogún ọkọ̀ yìí. Sọ̀kalẹ̀!"

Ilẹ̀kùn ọkọ̀ rọra ṣí. Kò rí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ipasẹ̀ ń hàn lórí yanrìn, ó ń lọ sójú títì. Ẹ̀wọ̀n sì fúyẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.